Ògiri Tó Ń Kó Iyanrìn Jọ

Àwọn kan ń tọ́jú owó, àwọn kan ń tọ́jú àgbàdo sínú àká. Ìbínú ni Ndambuki ń tọ́jú ní tirẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n tọ́jú, nítorí kòkòrò kò jẹ ẹ́ rí, ọ̀dá kò sì dín in kù. Èyí tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn ni ìbínú ilé oyin.

Nígbà tí òun àti Kisilu ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, Ndambuki gbẹ́ inú ìtì igi kan, ó gbé e kọ́ sórí igi oṣè ńlá tó wà létí odò Ithuki, oyin sì wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ gé afárá rẹ̀, ilé oyin ṣíṣí sílẹ̀ ló bá, inú rẹ̀ mọ́ fòò bí àwo tí ajá lá. Bó ṣe ń padà bọ̀ nílé ló pàdé Kisilu lọ́nà. Ètè Kisilu wú bọ̀ǹbọ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ lẹ́nu?" Ndambuki bi í.

"Eyín ni," Kisilu fèsì. "Eyín ń dùn mí."

Ndambuki wo ètè náà dáadáa. Ó gbé eyín yẹn sápò. Àwọn méjèèjì gbéyàwó, wọ́n bímọ, irun wọn funfun, eyín Kisilu gidi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n eyín tó wà lápò Ndambuki kò mì.

Ẹ ó wá rí i pé ọjọ́ tí wọ́n fi Kisilu ṣe alága ẹgbẹ́ mwethya, ìyẹn ọ̀wẹ̀ abúlé, kì í ṣe ọjọ́ ayọ̀ fún Ndambuki. Bí Kisilu bá ní kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe, Ndambuki á ní ọ̀nà náà dára bó ṣe wà. Bó bá ní kí wọ́n gbin igi, Ndambuki á bèèrè pé ṣé igi ti tán nígbó ni. Ìgbà tí Kisilu wá mú ọ̀rọ̀ ògiri wá, Ndambuki ti múra sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Abẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún níwájú ilé ìpàdé ni wọ́n ti jíròrò rẹ̀. Kisilu pe ẹnjiníà kan wá láti iléeṣẹ́ omi, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kavata, tó wọ bàtà òjò wá sí ibi tí òjò ti ń ṣe bí ọkọ tó rìnrìn àjò. Kavata ní odò Ithuki kì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi ń ṣàn lẹ́yìn òjò, gbogbo omi náà á sì sá lọ sínú òkun láìkí ẹnikẹ́ni. Ó ní bí wọ́n bá mọ ògiri sórí àpáta tó dábùú odò náà, iyanrìn yóò kó jọ sẹ́yìn ògiri, omi yóò sì sá pamọ́ sínú iyanrìn. Oòrùn kò ní rí i mu, màlúù kò ní lè rò ó pọ̀, ẹ̀fọn kò sì ní ríbi yé ẹyin sí.

Ó bu iyanrìn kún abọ́ ńlá kan dé etí. Ó wá ń da omi sí i, ife kan tẹ̀ lé òmíràn, iyanrìn ń gbé e mì, ẹ̀kán kan kò dà sílẹ̀. Àwọn obìnrin hó yèè. Ndambuki dìde.

"Ọmọ mi, mo ní ìbéèrè kan. Níbi tí o ti kàwé, ṣé iyanrìn ni wọ́n ń mu ńbẹ̀?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, omi inú rẹ̀ ni wọ́n ń mu."

"Mo gbọ́. Ẹ ó mọ ògiri dí iyanrìn lọ́nà kó má bàa sá lọ. Kí ni iyanrìn jí tí ẹ fi fẹ́ dì í mú? Ṣé òun náà wà lára àwọn olè abúlé yìí ni?" Bó ṣe dé orí olè, Kisilu ló tẹjú mọ́.

Kisilu na ìka sí i. "Ndambuki, jókòó sílẹ̀. Ẹni tó sá kúrò nílé ìwé ní kíláàsì kẹrin kì í bá ẹnjiníà jiyàn."

Gbogbo ìpàdé tún rẹ́rìn-ín. Ndambuki jókòó. Ó gbé kíláàsì kẹrin náà sápò, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín.

Kò bá wọn gbé òkúta kan nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n mú àkùkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, wọ́n sì jẹ ẹ́ lójú rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ń po sìmẹ́ńtì, á jókòó sétí odò lórí àpótí rẹ̀, á máa wò wọ́n bí ẹni tó wá wo eré. Ìgbà tó gbọ́ pé wọn kò ní mọ ògiri náà tán lẹ́ẹ̀kan, pé díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò máa gbé e ga lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àpótí.

"Ògiri tó ń dàgbà bí ọmọ!" ló ń pariwo. "Ta ló ń fún un lọ́mú?"

Kavata ṣàlàyé fún un pé bí wọ́n bá mọ ọ́n ga lẹ́ẹ̀kan, ẹrẹ̀ ni yóò jókòó síbẹ̀, ẹrẹ̀ kì í sì í fi omi sílẹ̀ fún ènìyàn. Ògiri kúkúrú máa ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, á wá dá iyanrìn tó wúwo dúró. Ndambuki ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, nítorí kì í gbàgbé nǹkan kan. Ohun tó ń dùn ún kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn òjò mélòó kan, ògiri ga dé ibi tó ń lọ. Iyanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀ pẹrẹsẹ títí dé ibi tí ojú kò lè rí mọ́. Kò sí omi kankan lójú rẹ̀. Inú Ndambuki dùn débi pé ó pa ewúrẹ́.

Ìgbà yẹn ni Onórébù Kasyoki, aṣòfin wọn, wá ṣí ògiri náà. Ọkọ̀ dúdú ló gbé e wá, àwọn ayafọ́tò tẹ̀ lé e, obìnrin kan ń gbé agboòrùn lé e lórí. Dáàmù, ìyẹn odò tí wọ́n sé, ni wọ́n sọ fún un pé ó fẹ́ wá ṣí. Nítorí náà ó mú ìwọ̀ ìpẹja lọ́wọ́, kí wọ́n lè ya òun níbi tí òun ti ń pẹja fún àwọn ará ìlú òun. Ó dúró lórí ògiri. Ó wo ọ̀tún, iyanrìn. Ó wo òsì, àpáta. Ó wo ìwọ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Omi náà dà?"

Kisilu mọ ìdáhùn. Òun ló gbé abọ́ iyanrìn Kavata dání lọ́jọ́ kìíní, òun ló máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àna rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, bí wọ́n bá ti dé iwájú ẹni tó wọ kóòtù, ìmọ̀ inú wọn á yọ́ bí ọ̀rá nínú oòrùn. Kavata ì bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wà lórí òkè kejì níbi tó ti ń wọn òjò tí kò rọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí pè é. Kisilu pawọ́ pọ̀, ó rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ẹni tó ń wá ojúrere.

"Onórébù, ẹ má bínú, sà. Iyanrìn ló dí i."

"Iyanrìn ló dí i!" Onórébù gba gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ! Dáàmù yín ti dí! Èmi Kasyoki yóò mú katakata wá, màá mú ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ wá, màá gbá gbogbo iyanrìn yìí kúrò pátápátá. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni! N kò ní gba ṣílè kan lọ́wọ́ yín!"

Òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ti fẹ́ gbà á. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé alájà ní Nairobi ló mọ iye tí iyanrìn odò ń lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro Nairobi lọ́jọ́ yẹn? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ Ndambuki ló dún jù, ó pa á títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń ta á.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jó wọlé. Syombua, ìyàwó rẹ̀, ń gún àgbàdo nínú odó kí èèpo rẹ̀ lè bọ́ fún oúnjẹ muthokoi.

"Syombua! Ọjọ́ mi ti pé! Onórébù fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́. Wọ́n ń bọ̀ wá kó iyanrìn Kisilu dànù."

Ọmọ odó dúró lókè. "Iyanrìn wo?"

"Iyanrìn ẹ̀yìn ògiri, kí lo tún ń bèèrè?"

"Bàbá Nthenya, omi tí o mu kó o tó lọ pàtẹ́wọ́, níbo lo rò pé mo ti pọn ọ́n?"

"Nínú ihò wa. Ihò tí bàbá mi gbẹ́."

Ní Ithuki, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀ nínú iyanrìn odò, ẹ̀gún ni wọ́n sì fi ń sọgbà yí i ká. Ẹni tí kì í ṣe onílé kò gbọdọ̀ ré ẹ̀gún náà kọjá. Onílé kò lè fi omi du ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bù ú gbọ́dọ̀ dúró létí ẹ̀gún, kó kí onílé, kó sì máa dúró títí wọn yóò fi ní kó wọlé.

"Ihò bàbá rẹ," ni Syombua wí. "Kí wọ́n tó mọ ògiri, bí mo bá wọnú ihò bàbá rẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, ṣé o máa ń rí orí mi lókè? Ṣé o rántí ọdún tí iyanrìn ya lù mí, tí wọ́n fi okùn fà mí jáde? Ṣé o rántí màlúù wa tó kú lọ́nà ìsun ẹsẹ̀ òkè tó jìn nígbà tí ihò náà gbẹ? Ní báyìí, mo kàn ń kúnlẹ̀ ni, mo ń fi igbá bù ú. Láti ìgbà wo lo ti rí i pé mo ń tètè dé?"

Ndambuki rò ó. "Mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ ló ti yá sí i."

"Ní ọjọ́ orí yìí!" Syombua sọ ọmọ odó sílẹ̀. "Ó dáa. Bí wọ́n bá ti kó iyanrìn náà, ìwọ tí o pàtẹ́wọ́ ni yóò máa da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ pọnmi lẹ́sẹ̀ òkè. Èmi ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Orúnkún mi ò lè ṣe ìrìn yẹn mọ́, màlúù kan tó kù sì nìyẹn, ẹ jọ máa mu àtẹ́wọ́."

Ndambuki sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ó ti pẹ́ tó ti wọ ihò náà kẹ́yìn, nítorí pípọn omi kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́, omi tútù kan ìka rẹ̀ kí igbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó wọlé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn! Ó bu ú mu. Ó dùn. Ojú rẹ̀ le.

Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó yan ojú tí wọn yóò ta ata sí. Bó bá gbèjà iyanrìn, ògiri Kisilu ló gbèjà, gbogbo abúlé yóò sì rántí gbogbo ohun tó ti sọ lórí àpótí. Bí kò bá sì gbèjà rẹ̀, òǹgbẹ ń bọ̀, Syombua ń lọ, màlúù á kú. Ó yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó wá rántí nǹkan kan. Ta ló ní iyanrìn ló dí i? Kisilu ni. Ta ló fún wọn láyè kí wọ́n wá kó o? Kisilu náà ni. Ẹni tó bá gbèjà iyanrìn lónìí, Kisilu ló ń bá jà!

Ọkàn Ndambuki balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ti rí ọ̀nà tí òun lè gbà ṣe rere láìdárí ji ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọkọ̀ dé láàárọ̀, katakata ló ṣíwájú. Kisilu, nítorí kó lè jẹ́ àpẹẹrẹ, fa ẹ̀gún ihò tirẹ̀ tu fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Katakata wa iyanrìn, ó wa ihò Kisilu àti gbogbo àyíká rẹ̀, ọkọ̀ kún, wọ́n gbéra. Omi sun wá sójú gbangba nínú kòtò náà, ó ń dán. Ariwo sọ. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ fún Onórébù. Kisilu ń bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ bí ẹni tó bí ìbejì.

Katakata yí padà, ó wá kọjú sí ihò Ndambuki. Ndambuki ló jókòó sínú ihò náà, omi dé ìdí rẹ̀, abọ́ ìsyo wà lórí itan rẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo àti ẹ̀wà.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀," awakọ̀ pè é. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

"Bàbá, iṣẹ́ ni mo wá ṣe."

"Èmi náà ń ṣe iṣẹ́. Ta ló bí ọ?"

Awakọ̀ dárúkọ ìyá rẹ̀ àti òkè tí wọ́n ti wá.

"Ọmọ ilẹ̀ yìí ni ọ́ nígbà náà. Wá. Fi irin rẹ ré ẹ̀gún mi kọjá, kí n lọ sọ fún ìyá rẹ."

Awakọ̀ wo ẹ̀gún náà. Ó wo Kisilu. Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Alága, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Èmi ò ré ẹ̀gún ihò omi ènìyàn kọjá. Mo ní ọmọ nílé."

Kisilu wá dúró létí ẹ̀gún. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. "Ndambuki, má dójú tì wá. Ìwọ lo ní ògiri yìí kò dára. Ìwọ lo ní a ó máa mu iyanrìn. Wọ́n wá kó o, o tún ń bínú?"

Àwọn ènìyàn hó. "Ẹ bi í! Ẹ bi í bóyá ògiri ti já lẹ́nu ọmú!"

Ndambuki gbé abọ́ ìsyo sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ há a lọ́fun bí egungun, ṣùgbọ́n ó wo ojú Kisilu, egungun náà rọ̀.

"Ògiri náà dára," ló wí.

Àwọn tó ń hó sún mọ́ ẹ̀gún.

"Ẹ gbọ́ ọ. Mo ní ògiri náà dára. Kavata sọ ọ́, mo gbọ́: inú iyanrìn ni omi wà, oòrùn ò lè mu ún níbẹ̀. Ẹ kó iyanrìn, ẹ kó omi. Ògiri ò ní àléébù kankan. Alága rẹ̀ ló ní. Lọ́jọ́ tí Onórébù bi í pé omi dà, kí ló dé tí kò sọ ohun tí gbogbo yín mọ̀? Àbí eyín tún ń dùn ún?"

Ẹnikẹ́ni kò mọ ìtumọ̀ eyín yẹn àfi èèyàn méjì. Ọ̀kan nínú wọn ń wo ilẹ̀.

Syombua jáde láti àárín èrò. Ó ré ẹ̀gún kọjá, ó wọnú ihò, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó sì mú nínú ìsyo náà. Ìyá kan rí i, ó lọ jókòó sínú ihò tirẹ̀. Òmíràn lọ. Kò pẹ́ tí orí fi yọ jáde káàkiri ojú odò bí orí alángbá, gbogbo wọn ń wo katakata. Àwọn ọkọ̀ tó ṣófo dúró títí oòrùn fi kan àtàrí, wọ́n sì yí padà lófìfo. Onórébù kò bínú. Ó ti ní fọ́tò omi tirẹ̀.

Kòtò Kisilu dán fún ìwọ̀nba ọjọ́. Màlúù wọ̀ ọ́, ó di ẹrẹ̀. Ẹ̀fọn bí ọmọ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà oòrùn jókòó tì í bí onígbèsè tó rí oúnjẹ ọ̀fẹ́, ó mu ún dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ là bí ẹsẹ̀ arúgbó. Kavata wá wò ó, ó ní òjò tó ń bọ̀ yóò dá iyanrìn padà síbẹ̀, kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó yà sọ́dọ̀ Ndambuki láti dúpẹ́ pé ó lóye ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

"Ta ló lóye?" Ndambuki dáhùn. "Má ba orúkọ mi jẹ́."

Ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, Ndambuki jókòó nínú ihò rẹ̀. Láti ọjọ́ katakata, ó ti sọ pípọn omi di iṣẹ́ ọkùnrin, nítorí ibẹ̀ ló ti ń rí gbogbo ènìyàn tó ń kọjá. Òjìji kan bọ́ sórí ẹ̀gún. Kisilu ni, kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ndambuki, a kú ọ̀sán."

"Kú ọ̀sán."

Kisilu dúró. Ndambuki ń wo ọ̀run.

"Oòrùn yìí mú," ni Kisilu wí.

"Ó mú."

"Ilé ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ẹni tó bá dúró létí ẹ̀gún, a máa ní kó wọlé."

"Mo mọ̀. Wọn ò sọ ìgbà tí a máa ní kó wọlé." Ndambuki fi ọwọ́ ro omi díẹ̀ kó lè dún. "Eyín yẹn ńkọ́?"

Kisilu gbé kẹ́ẹ̀gì láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ó wo igi oṣè tó wà létí odò. Ẹnu kò fẹ́ sọ ọ́. Òun náà ní àpò tirẹ̀.

"Ó ti ká," ló wí nígbẹ̀yìn.

Ndambuki dúró bóyá nǹkan kan tún ń bọ̀. Kò sí nǹkan kan. Ohùn Syombua sì ti ń bọ̀ láti òkè: "Bàbá Nthenya! Ta ló wà nínú oòrùn níbẹ̀ tí ẹ ò ní kó wọlé?"

"Wọlé," ni Ndambuki wí.

Kisilu ré ẹ̀gún kọjá, ó kúnlẹ̀, ó fi igbá bu omi, ó kọ́kọ́ mu. Ó mu ún gan-an, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó nu ẹnu.

"Omi yìí dùn," ló wí.

"O mọ̀ ọ́n dájú," ni Ndambuki dáhùn. "Ohun dídùn tó bá ti jẹ́ ti ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó mọ adùn rẹ̀ tó ọ."

Kisilu ń rọ omi. Ndambuki bá a di kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́ mú kó má bàa yí. Ìgbà tó gbé èkejì bọ omi, Ndambuki ṣàkíyèsí pé kẹ́ẹ̀gì yẹn tóbi ju ti gbogbo abúlé lọ. Ó rí i, ó sì gbé e sápò.